Ọrun Tí Ọdẹ́rìndé Lọ Wá ní Ìlú Tẹ̀-Má-Ṣẹ́

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u tán báyìí, nítorí ikọ́ wà nínú ìtàn yìí, n kò sì fẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo ti bá ẹfọ̀n jà nínú ẹrẹ̀ rí. Mo ti gbé orí lé òjòlá sùn mọ́jú, mo ṣe bí igi tó wó ni. Òjòlá náà kò mira títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀rù mi ló bà á. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ọmọ Ògúnwándé ni, ará Ìdí-Afọ̀n, ọkùnrin tí kò lè rí ìkòkò tí wọ́n dé kó má ṣí i wò.

Ọdẹ́rìndé ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí baba rẹ̀ kú. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń gbé ìbọn ṣakabùlà, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá nídìí rẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni ìbéèrè. Bí wọ́n bá pa ìgalà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pín ẹran, òun a gbé pátákò rẹ̀ sójú, a máa bèèrè ìdí tó fi là sí méjì. Wọn a ní, "Ọdẹ́rìndé, ṣé o fẹ́ jẹ ẹran yìí ni, àbí o fẹ́ fi ṣaya?" Inú kì í bí i. A tún máa wo pátákò kejì.

Ẹ wá gbọ́ àṣà Ìdí-Afọ̀n. Bí ọdẹ àgbà bá kú níbẹ̀, àwọn ọdẹ a yin ìbọn sókè láti fi yẹ́ ẹ sí. Ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń kì, wọn kì í fi ọta sí i. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, àrẹ̀mọ olóògbé gbọ́dọ̀ dúró sétí Odò Alọ̀ọ́, kó fi ọrun ta ọfà kan kọjá sí òdìkejì omi. Ọfà náà ni olóògbé máa ń tẹ̀ lé lọ. Ìbọn kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí ojú kì í rí ọta ìbọn bó bá ń lọ, òkú kò sì lè tẹ̀ lé ohun tí kò rí. Bí ọfà kò bá kọjá, olóògbé kò ní kọjá.

Nígbà tí Ògúnwándé, olórí ọdẹ, papò dà, wọ́n gbé ọrun ìdílé sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà tí èéfín ti ń fín in láti ayé baba baba rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kàn án, ó di ìyẹ̀fun. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, èèpo rẹ̀ nìkan ló ń fi iyì dúró. Aṣípa, tó jẹ́ igbákejì olóògbé, wá ọparun kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́. Ó tẹ òmíràn, òun náà ṣẹ́. Àṣé kò sí ẹnì kan ní ìlú náà tó tún mọ bí a ti ń ṣe ọrun. Ìbọn ti jẹ́ kí gbogbo wọn gbàgbé.

Ní ọjọ́ kẹta, Àyọ̀ká, ìyàwó Ọdẹ́rìndé, sáré ti odò dé láìpọn omi.

"Baálé mi, mo rí Bàbá."

"Bàbá wo?"

"Bàbá tí a sin. Wọ́n jókòó sórí òkúta létí odò, wọ́n kẹ̀yìn sí ìlú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò dáhùn. Wọ́n kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe máa ń wú u."

Gbogbo ìlú ló mọ ikọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Bí Ògúnwándé bá fẹ́ wọ ilé onílé, òun ló fi ń tọrọ àyè. Ọdẹ́rìndé fọwọ́ bojú, ó sunkún. Ó ro bí baba rẹ̀ yóò ṣe jókòó síbẹ̀ lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, tí kò ní lè wálé, tí kò sì ní lè lọ. Ó nu ojú nù, ó lọ bá Aṣípa.

"Bàbá, níbo ni baba ńlá wa ti mú ọrun yẹn wá?"

Aṣípa ní, "Ìlú kan ni, wọ́n ń pè é ní Tẹ̀-Má-Ṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu baba mi. N kò mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, Bàbá."

"Tó bá jẹ́ ti ìbéèrè ni, ìwọ ò lè ṣìnà láyé," Aṣípa fèsì. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ló kù, Ọdẹ́rìndé. Máa lọ."

Bó ṣe rìn, ẹ má bi mí. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ní ọjọ́ kẹjọ tí baba rẹ̀ kú, ó yọ sí ìlú kan tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Kì í ṣe pé wọ́n ya arọ. Olúkúlùkù wọn ló so okùn awọ kan mọ́ ìpàkọ́, tó fà á dé gìgísẹ̀, tí okùn náà sì le dandan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń roko, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, bó o bá fẹ́, wá jókòó síbí kí o sọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí!

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, Ọdẹ́rìndé rí i tí wọ́n kóra jọ sójú agbo. Olúkúlùkù gbé òkúta ńlá kan mọ́ àyà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ara wọn. Bí okùn bá ti tú, ẹ̀yìn ẹni náà a nà gbọnrangandan, òkúta a sì fò kúrò láyà rẹ̀, a kọjá lórí ògiri ìlú. Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Wọ́n ti ń rẹrù bọ̀ láti oko, wọ́n wá ń sọ ẹrù." Kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi.

Ìyá arúgbó kan ló gbà á lálejò, Ìyá Agbẹ́run, ẹni tó ń gbẹ́ ọrun fún ayé àtọ̀run. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹni tó fẹ́ gba ọrun lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọrun fún ọjọ́ kan."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti so okùn mọ́ Ọdẹ́rìndé láti ìpàkọ́ dé gìgísẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ṣe ọkùnrin. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Nígbà tí oòrùn yí, kò mọ̀ bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dùn ún ni, àbí ìrora náà ló ní ẹ̀yìn. Ìyá Agbẹ́run wá, ó wò ó.

"Ṣé kí n tú ọ, àbí kí o sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú?"

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n sùn bẹ́ẹ̀! Bí mo bá sùn bẹ́ẹ̀, n kò ní lè nà mọ́."

"Ohun tí ọrun náà ń sọ nìyẹn," Ìyá wí. "Bí o bá ti ta ọfà tán, tú ọsán rẹ̀, ìyẹn okùn tí a fi ń fa ọrun. Ọrun tó bá sùn pẹ̀lú ọsán lára, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn, yóò kàn wà bí ọ̀pá ẹ̀gún tó wọ́."

Wọ́n gbé òkúta lé òun náà láyà kí wọ́n tó tú u. Ó rò pé wọ́n ń fi ìyà kún ìyà ni. Okùn tú, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, òkúta fò lọ, ó sì fi ìdí jókòó, ó ń mí bí ajá. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wẹ̀yìn wo ibi tí òkúta bọ́ sí.

Ọjọ́ méjì ló fi jókòó ti Ìyá nídìí iṣẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò tán. Kí ló dé tí àárín ọrun fi nípọn tí orí méjèèjì fi tẹ́ẹ́rẹ́? Kí àárín má baà ṣẹ́ lọ́wọ́, kí apá sì lè tẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé apá kan le ju èkejì lọ? Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wò ó, fi ọ̀bẹ ha ibi tó bá le, tún tẹ̀ ẹ́. Kí ni ìda oyin ń ṣe lára ọsán? Kí omi má baà wọ̀ ọ́. Awọ tí ẹ fi wé ọrùn ọwọ́ òsì ńkọ́? Ìyá kò dáhùn ìyẹn. Ó ní kó fa ọrun kan láìwé awọ, kó fi ọfà sí i, kó ta á. Ọsán gbá a lọ́wọ́, ojú ibẹ̀ wú bí ẹ̀bà. Kò bèèrè ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó ku kó lọ, Ìyá gbé ọrun mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ọ̀kan kò ga ju àyà ọmọdé lọ. Ọ̀kan ga tó èjìká rẹ̀. Ẹ̀kẹta ga jù ú lọ, ó dúdú, ó ń dán, òmìrán ló yẹ ẹ́.

"Mú èyí tí o lè fà dé etí," Ìyá wí, "kí o sì máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ láìmí gúlegúle."

Ọdẹ́rìndé fa èyí tó kéré, ó ń sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó fa èkejì, ọ̀rọ̀ dínkù. Ó fa ẹ̀kẹta, kò kọjá àyà, ọ̀rọ̀ kò sì sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ òun ló mú.

"Ìyá, olórí ọdẹ ni baba mi. Kí ni ayé máa wí bí mo bá fi ọrun ọmọdé sìn wọ́n?"

"Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú ní í le koko. Ṣé o gbọ́ ọ rí?"

"Mo gbọ́ ọ, Ìyá."

"Etí rẹ ló gbọ́ ọ." Ìyá gba ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ dípò ọrun náà, ó fi í kọ́ ara ògiri. "Ọfà kò sí lọ́wọ́ mi. Nínú Igbó Eèsún lójú ọ̀nà ilé rẹ, Olójú Mẹ́rìndínlógún ló ń ṣe é. Ó sì ku ìbéèrè kan tí o kò bi mí."

Ọdẹ́rìndé rò ó títí. "Ìyá, mo ti bèèrè gbogbo rẹ̀."

"Ó dáa," Ìyá wí. Ó yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Igbó Eèsún ni ibi tí koríko ti ga ju ilé alájà lọ, tó sì ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn ẹni. Iwin tó ni ín jókòó sórí ebè. Ojú mẹ́rin wà níwájú orí rẹ̀, méjì wà lórí eékún, ìyókù ń ṣẹ́jú káàkiri lẹ́yìn ọwọ́ àti ní ìpàkọ́. Èmi alára ti bá a pàdé, ṣùgbọ́n nígbà tó rí mi, ó pa gbogbo rẹ̀ dé. Ó ju ọfà kan sí Ọdẹ́rìndé, ó sì na ọwọ́ sí èso kan lórí igi.

"Ta ìyẹn, kí n rí irú ọdẹ tí o jẹ́."

Ọdẹ́rìndé fa ọrun ńlá rẹ̀ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó ti ń ṣe pẹ̀lú ìbọn, ó di ojú òsì, ó ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́. Ó ta á. Ọfà kọjá lára igi, ó wọ inú eèsún, títí di òní ẹnikẹ́ni kò rí i. Iwin náà dìde gbìrìgìdì.

"Ta ló jí ojú rẹ kejì?"

"Kò sí, Bàbá. Mo dì í ni."

"O dì í! Ojú méjì péré ni wọ́n fún ọ, o tún ń ṣe ahun sí ọ̀kan? Mú èyí tí o kò lò wá. Èmi mọ ìlò rẹ̀. Tèmi á di mẹ́tàdínlógún."

Ó ti na ọwọ́. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dán òun wò ní ọ̀nà mìíràn. Iwin rò ó, ó kó ìyẹ́ àṣá méje dà síwájú rẹ̀.

"Mẹ́ta nínú wọn gbọ́ èdè ara wọn. Mẹ́rin yòókù ń jà pẹ̀lú wọn. Ṣà wọ́n fún mi. Bí o bá ṣì í, mo gba ojú."

Ìyẹ́ méje náà jọra bí ọmọ ìyá. Ọdẹ́rìndé wò wọ́n níwájú, ó wò wọ́n lẹ́yìn, ó gbóòórùn wọn. Ẹlòmíràn ì bá ti máa sunkún. Òun gbàgbé ojú rẹ̀, ó gbàgbé iwin, nítorí ó ń fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ó gun orí ebè, ó jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan látòkè. Mẹ́rin yí sápá òsì bí wọ́n ti ń bọ̀. Mẹ́ta yí sápá ọ̀tún.

"Apá kan náà ni wọ́n ti fa mẹ́ta yìí lára ẹyẹ," ó pariwo. "Bí a bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti apá kejì nídìí ọfà, ọ̀kan á fẹ́ yí síbí, èkejì á fẹ́ yí sọ́hùn-ún, ọfà ò ní mọ ibi tó ń lọ!"

Ojú mẹ́rìndínlógún náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí, ẹ má sì gbàdúrà kí ẹ rí i. Iwin fún un ní ọfà mẹ́ta tó gún régé, ó ní, "La ojú méjèèjì. Má wo ọfà, má wo ọwọ́ rẹ. Wá ohun kékeré kan níbi tí o fẹ́ kó lọ, kí o wo ìyẹn nìkan. Kí o sì mọ̀ pé ọfà àti ọrun dà bí ọkọ àti aya. Bí o bá pààrọ̀ ọrun, gé ọfà kó bá a mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé ò ní tòrò."

Ọdẹ́rìndé gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń fi wọ́n kọ́ra lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọrun òmìrán kò gba ẹ̀kọ́. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ kò sì rí àyè wo nǹkan kan. Ọfà kan ṣẹ́ lára òkúta, ọ̀kan bọ́ sínú ọ̀gbun. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú apó tó gbé kọ́ ẹ̀yìn nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlógún, tó yọ sí etí Odò Alọ̀ọ́ lọ́sàn-án.

Ó rí baba rẹ̀. Lóòótọ́ ló jókòó sórí òkúta, ó wọ aṣọ tí wọ́n fi sin ín, ìrì ti mú kí èjìká rẹ̀ rin gbindin. Ọkàn Ọdẹ́rìndé kún. Kò mọ̀gbà tó sọ pé, "Bàbá, mo dé!" Kí ni ọdẹ fi ń yẹ ọdẹ sí? Ṣebí ìbọn tí kò ní ọta nínú ni. Kò sì sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọrun sókè, ó fi gbogbo agbára ayé rẹ̀ fà á, ó sì jẹ́ kí ọsán lọ lófìfo, láìfi ọfà sí i.

Ọrun ké gbàá. Apá òkè fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó fò kọjá etí rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Wọn kò sọ fún un ohun tí ọsán máa dà bí ọrun bá ṣẹ́. Baba rẹ̀ kò wẹ̀yìn. Ó kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkùnrin náà sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ó bú ara rẹ̀, ó bú ọrun. Nígbà tí omi ojú tán, àìsàn rẹ̀ àtijọ́ tún dé: ó mú igi tó ṣẹ́, ó ń wò ó. Kí ló fọ́ ọ? Nígbà tí òun ń fi ọfà sí i, kì í fọ́. Ó rántí òkúta tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà ní Tẹ̀-Má-Ṣẹ́. Ó rántí tirẹ̀ pẹ̀lú.

"Wọn ò sọ ẹrù!" ó kígbe. "Agbára tí a fà gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbé lọ. Bí kò bá rí nǹkan gbé, ara ọrun ni yóò gbà á. Ìbéèrè tí Ìyá ń retí nìyẹn, èmi sì rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Apá ìsàlẹ̀ ọrun kò ṣe nǹkan kan. Òmìrán ló kúkú ni ín, ìdajì rẹ̀ tó ọrun odidi kan fún ọmọdé. Ọdẹ́rìndé yọ ọ̀bẹ, ó jókòó ní nǹkan bí ogún ẹsẹ̀ sí baba rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ó fi àárín sílẹ̀ ní nínípọn, ó gbẹ́ orí méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó wò ó, ó ha á. Ó gé ọsán kúrú, ó gé ọfà kúrú kó lè bá a mu. Títí ilẹ̀ fi ṣú, títí tó tún fi mọ́, òun àti baba rẹ̀ wà létí odò yẹn, ọ̀kan ń gbẹ́ igi, èkejì ń wúkọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn kò tíì jókòó ti ara wọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, gbogbo ọdẹ dé, Àyọ̀ká sì wà lẹ́yìn wọn. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wá bá wọn ṣòkú. Aṣípa rí ọrun náà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọdẹ́rìndé, ṣé eku lo fẹ́ pa?"

"Bàbá, èyí tí mo lè fà tán ni," Ọdẹ́rìndé dáhùn. Ojú kò tì í mọ́.

Ó wé awọ mọ́ ọwọ́ òsì. Ó fi ọfà sí ọsán. Ó la ojú méjèèjì, ó wá ewé funfun kan lára igi ní òdìkejì omi, ó ń wò ó bí ẹni pé ewé mìíràn kò sí láyé. Ó fa ọrun dé etí, apá rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ohun tó wí. Ó ní, "Bàbá, òun nìyí o. Ẹ máa wò ó."

Ó ta á.

A ń dúró de ariwo. Etí àwa tí a ti fi ìbọn dàgbà kò gbọ́ nǹkan kan. Aṣípa yọ́hùn bèèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ó ti lọ?" Mo ń wo ìyẹ́ mẹ́ta náà tó ń yí lójú òfuurufú, tó kọjá odò, tó gún ara igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé funfun. Àyọ̀ká ló kọ́kọ́ rí i, tó fọwọ́ kàn mí. Òkúta tí Bàbá jókòó lé ti ṣófo.

Nígbà náà ni a gbọ́ ọ láti òdìkejì omi: ikọ́, ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀ a gbọ́ ewé gbígbẹ tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, tó ń jìnnà díẹ̀díẹ̀, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ọdẹ́rìndé jókòó sórí òkúta tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gbé ọrun kékeré náà lé itan, ó tú ọsán rẹ̀, kí ọrun náà lè na ẹ̀yìn.